Ìwọ̀n Irun Àgùntàn

Ọjọ́ Ajé ló dé, afẹ́fẹ́ ń gbá ilẹ̀kùn lójú gbàgbàgbà,
Danitza ọmọ Mirko, ó fi ọ̀rá wé ìwé ẹ̀rí rẹ̀
kí òjò Punta Arenas má baà bà á jẹ́.
Ọdún márùn-ún ló fi kọ́ ìmọ̀ okòwò.
Ó ka gbogbo rẹ̀ sí mi létí láìmí:
ìpolówó ọjà, ètò ìnáwó, ìdarí òṣìṣẹ́,
bí a ti í ṣírò ewu kí ewu tó dé.
Mo ní, "Ó dára. Ṣé o mọ bí a ti í gbọ́ òórùn?"
Ó wò mí bí ẹni ń wo arúgbó tó ń ṣarán.

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo ti ń kọ ìwé owó níbí.
N kò tẹ yunifásítì rí.
Tábìlì mi kọjú sí òkun, mo kẹ̀yìn sí sítóòfù,
irun àgùntàn ló rà mí ní bàtà, òun ló sin ìyàwó mi.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìṣirò yarí.
Ìwé oko Barría ní ẹgbàajì kílò,
òṣùwọ̀n wa ní ó fi igba dín.
Danitza jókòó ti kọ̀ǹpútà títí ilẹ̀ fi ṣú
(ilẹ̀ kì í sì í tètè ṣú níbí lóṣù Kejìlá),
ó to nọ́ńbà lọ sókè, ó tò ó wá sílẹ̀,
ó ya àwòrán aláwọ̀ oríṣiríṣi,
ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Don Evaristo, olè ni wọ́n."
Mo ní ká lọ sílé ẹrù ná.

Rolando tó ń wọn ẹrù kò mọ̀wé púpọ̀.
Ó ní kó ti ọwọ́ bọ inú àpò dé ìgúnpá.
"Báwo ló ṣe rí?"
"Ó gbẹ."
"Lọ́jọ́ tí wọ́n rẹ́ ẹ, òjò ń rọ̀ lóko.
Irun àgùntàn a máa mumi bí ọ̀mùtí,
a sì máa bì í sójú ọ̀nà, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."
Igba kílò. Omi lásán.
Afẹ́fẹ́ ni olè náà, ta ni yóò mú un?

Kò sọ̀rọ̀ títí a fi padà.
Ọ̀rá irun lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń gbóòórùn rẹ̀.
Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ tó kù:
lọ́jọ́ kejì, ó sọ omi di nọ́ńbà,
ó pe Barría fúnra rẹ̀, ọkùnrin oníbìínú yẹn,
ó bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi rẹ́rìn-ín,
wọ́n fẹnu kò sí iye owó irun gbígbẹ.
Àwa ti mọ̀ pé omi wà níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́.
Ìjà la máa ń fi í jà lọ́dọọdún.

Lálẹ́, ó máa ń sọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún mi.
Yerko wà ní báńkì ní Santiago,
ó ń yá àwọn tí kò rí lójú lówó.
Ayelén ń mú àlejò wo ẹyẹ òkun,
ó ní ẹnu ọkọ̀ lòun ti kọ́ ìdúnàádúrà, kì í ṣe kíláàsì.
Ignacia dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀; gbèsè ló kọ́kọ́ wú.
"Èwo ni kí n tọ̀, Don Evaristo?"
Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà.
Wọn ò sọ èyí tí ẹrẹ̀ wà fún wa.

Lẹ́tà kan ti dé láti Santiago. Owó oṣù rẹ̀ fi ìlọ́po méjì ju tèmi lọ.
Ó wà lábẹ́ ife rẹ̀, kò tíì fèsì.
Láàárọ̀ yìí, mo bá a nílé ẹrù,
ọwọ́ rẹ̀ nínú àpò dé ìgúnpá, ó dijú,
ẹnu rẹ̀ ń jí nọ́ńbà sọ.
N kò pè é.
Mo padà sídìí sítóòfù,
mo gbé omi kaná fún ẹni méjì.